Ọjọ́ Mẹ́wàá Àkọ́kọ́ Nílé: Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni Tó Ń Lọ Sí Ìsinmi Ọlọ́jọ́ Gbọọrọ

Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìdánwò. A mọ̀ pé ìwé wà nílẹ̀ tí ẹ fẹ́ padà lọ kà, a ò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí di ìwàásù ọ̀gànjọ́. Ohun tí wọ́n ní ká wá sọ ni bí akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni yóò ṣe pa ìgbàgbọ́ rẹ̀ mọ́, tí kò sì ní já kúrò lára àwọn ará, nígbà tí iléèwé bá gba ìsinmi tí kálukú bá gba ilé bàbá rẹ̀ lọ. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Àwọn tó jọ ń gbàdúrà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì lónìí, tó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, ọ̀kan á wà ní Ìkòròdú, ọ̀kan ní Ṣakí, ọ̀kan ní Ọ̀wọ̀, ọ̀kan ní Ìlọrin.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka ohun tí ọgbà iléèwé ń ṣe fún yín tí ẹ kì í kà sí. Lọ́jọ́ Àìkú, ìsìn wà nínú gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ̀kọ́ Bíbélì wà, ìpàdé àdúrà wà. Ẹni tó bá jẹ́ akọrin ní ìgbáradì orin lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá ń jí láago márùn-ún ìdájí, ìró sílípáàsì rẹ̀ nìkan ti tó láti gbé yín dìde. Bí ẹ bá pa ìpàdé kan jẹ, olórí ẹ̀ka yín á kan ilẹ̀kùn: “Brọ̀dá, a ò rí yín lánàá o, ṣé kò sí?” Bí a bá ṣírò rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú ẹ̀ka kan ṣoṣo lè bá àwọn ará pàdé lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ṣètò ẹyọ kan níbẹ̀. Ẹlòmíì ló ń ṣètò, tirẹ̀ kò ju kó gbé ẹsẹ̀.

Ẹ ti rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe dẹ́kìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Pákó àti ọparun ni wọ́n fi ń gbé kọnkéré ró lábẹ́ títí yóò fi le. Ẹni tó bá ń wò ó láti òkè á rò pé kọnkéré náà ti ń dá dúró. Ó di ọjọ́ tí wọ́n bá yọ ọparun kí a tó mọ̀ bóyá ó ti gan tàbí kò tíì gan. Ìsinmi ni ọjọ́ ìyọ-ọparun. Ìdí nìyí tí a kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó máa ń sọ pé ilé ló ba àwọn ọmọ ìjọ iléèwé jẹ́. Ilé kò ba nǹkan kan jẹ́. Ohun tó ń gbé wọn ró ni wọ́n fi sílẹ̀ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, wọn ò sì gé òmíràn. Gbogbo ohun tí a ní láti sọ lónìí dá lórí bí ẹ ó ṣe gé ọparun tiyín, méjì tàbí mẹ́ta péré, kí ẹ tó wọ mọ́tò.

Kí ẹ tó wọ mọ́tò, a sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ nílé ló le jù. Ẹ wo bó ṣe máa ń lọ. Ìdánwò ti gba gbogbo agbára, ọmọ sùn títí di aago mẹ́wàá òwúrọ̀ lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ sì ní kí wọ́n má jí i, ó ti rẹ̀ ẹ́. Lálẹ́, oorun kò wá mọ́, ó ń wo fíìmù lórí fóònù títí di aago méjì. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹrin, òru ti di ọ̀sán rẹ̀. Àkókò àdúrà òwúrọ̀ tó ti ń ṣe fún odidi sáà kan kò sí níbẹ̀ mọ́, nítorí pé òwúrọ̀ gan-an kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ dé: àárẹ̀ ọ̀nà ṣì wà lára. Ọjọ́ Àìkú kejì dé: aṣọ wà nínú báàgì, kò tíì fọ̀, kò sì sí iná tí wọ́n máa fi lọ̀ ọ́. Nígbà tí ìkẹta bá dé, kì í ṣe àárẹ̀ mọ́, ìtìjú ni. Ó ti ń rò pé bí òun bá yọjú nísinsìnyí wọn á bi òun pé ìgbà wo lòun dé. Ẹ kíyè sí i pé nínú gbogbo èyí, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá kankan tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí. Oorun ni, iná ìjọba ni, áyọ́ọ̀nù ni.

Ó dùn mọ́ wa pé Dáníẹ́lì, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ àjèjì, iye ọjọ́ tó bẹ̀bẹ̀ fún náà nìyẹn: ọjọ́ mẹ́wàá, nínú orí kìíní ẹsẹ kejìlá. Ẹsẹ kẹjọ sì sọ pé ó ti pinnu lọ́kàn rẹ̀ kí oúnjẹ ọba tó délẹ̀. Bí ẹ bá ṣí orí kẹfà, ẹsẹ kẹwàá, ẹ ó rí ohun tí àwọn oníwàásù máa ń fò kọjá. Wọ́n ka ìgbà tó ń gbàdúrà: ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Wọ́n sọ ibi tó ti ń gbà á: nínú ìyẹ̀wù rẹ̀. Wọ́n sọ ibi tó kọjú sí: Jerúsálẹ́mù. Ẹsẹ náà wá fi kún un pé bẹ́ẹ̀ ló ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìlú ti yí padà, ọba ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìgbà, ibi àti ọ̀nà kò yí padà. Ẹni tó bá ní “màá máa gbàdúrà nígbàkúùgbà tí àyè bá yọ” kò tíì rí àyè náà rí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ètò.

Ìwé kíkà la ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe dá a lé pé ẹ fẹ́ ka Bíbélì tán nínú ìsinmi. Orí 1,189 ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ parí rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ máa ka orí mẹ́tàlá lójúmọ́, kò sì ní ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí yóò fi rì sínú Léfítíkù. Ohun tí a máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn ni ìwé tó bá iye ọjọ́ mu. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ 13 jẹ́ ọjọ́ 91. Mátíù ní orí 28, Máàkù 16, Lúùkù 24, Jòhánù 21. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ orí 89. Bí ẹ bá pín Lúùkù orí kìíní sí ọjọ́ méjì nítorí pé ó ní ẹsẹ 80, tí ẹ sì pín Mátíù orí 26 bákan náà nítorí ẹsẹ 75 tó wà níbẹ̀, ó di 91 géérégé. Bí ìsinmi yín bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ọjọ́ 56 nìyẹn: ẹ mú Lúùkù àti Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, 24 àti 28, ọjọ́ mẹ́rin á ṣẹ́kù fún ìrìn àjò àti àìsàn. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré, Máàkù àti Jòhánù tó: orí 37 fún ọjọ́ 42.

Òfin kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ sí iwájú ìwé náà, òun ló ń gba ọ̀pọ̀ là: a kì í san gbèsè orí. Bí o bá pa ọjọ́ mẹ́ta jẹ, má ka orí mẹ́rin lọ́jọ́ kẹrin. Ka orí tó bọ́ sí ọjọ́ òní, kí o sì máa bá tìrẹ lọ. Ẹni tó ń san gbèsè ni gbèsè ń pọ̀ lé lórí, ó di orí mẹ́fà, ó di mọ́kànlá, ó wá ní “ó dìgbà tí mo bá padà síléèwé.” A ti kíyè sí i pé ibi tí àtòjọ kíkà ti máa ń kú nìyí, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta.

Ẹ ra ìwé àjákọ oníléèfù 60. Ojú ewé 120 ló wà nínú rẹ̀, ó tó ojú ewé kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣẹ́kù. Bíbélì oníwèé, ìwé àjákọ, bírò, gbogbo rẹ̀ nínú ọ̀rá kan lábẹ́ ìrọ̀rí. A kò bá fóònù jà o, fóònù wúlò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí Bíbélì lórí fóònù láàárọ̀, kó tó dé ẹsẹ kẹfà ẹnìkan á ti fi fídíò ránṣẹ́ sí i. Ogún ìṣẹ́jú tó. Ìṣẹ́jú méjì fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tàbí orin jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹ ka orí náà sókè díẹ̀, kí etí yín gbọ́. Orí bíi Máàkù kìíní, tó ní ẹsẹ 45, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ. Ẹ tún padà sí ẹsẹ tó dá yín dúró. Ẹ kọ ìlà mẹ́ta péré: ohun tí mo rí, ohun tí kò yé mi, ohun tí màá ṣe lónìí. Ìyókù fún àdúrà. Ìlà kejì ni kí ẹ má ṣe fo. Ohun tí kò yé yín ni ẹ ó fi rí ọ̀rọ̀ bá ẹlòmíì sọ lópin ọ̀sẹ̀, ìyẹn ló sì gbé wa dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì.

Àìrìn pọ̀ ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Kí ẹ tó lọ, kí olúkúlùkù ní ẹnìkan, ẹyọ kan, tí yóò máa pè é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ní ọjọ́ àti aago tí wọ́n ti dá. Kí ọkùnrin pe ọkùnrin, kí obìnrin pe obìnrin. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ ohun tí ìpè àdúrà aago mọ́kànlá òru láàárín arákùnrin àti arábìnrin máa ń dà kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin. Bó bá ṣe pé ìfẹ́ ni, ẹ pè é ní ìfẹ́, ẹ má pè é ní àdúrà. Ìṣẹ́jú 15 ni kí ìpè náà jẹ́. Ẹ fi owó ìpè lásán pe ara yín, kì í ṣe àtẹ̀jíṣẹ́ olóhùn, nítorí ẹni tí ohun kan bá ń dùn máa ń rí ohùn rẹ̀ tún ṣe kó tó fi ránṣẹ́. Nínú ìpè tààrà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ máa ń sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ká ní ẹni tó wà ní ìpele kẹta ló ń pe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìpele kìíní, lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, láago mẹ́sàn-án. Ó máa lọ báyìí:

“Ẹ káalẹ́ o, Sísítà.”

“Káalẹ́, jàre. Mọ́mì ńkọ́? Ibo lo kà dé?”

“Máàkù orí kẹrin.”

“Kí lo rí níbẹ̀?”

“Ìjì ń jà, Jésù ń sùn lórí ìrọ̀rí. Mi ò mọ̀ pé wọ́n kọ ìrọ̀rí síbẹ̀.”

“Èwo ni kò yé ẹ?”

“Ìdí tó fi bá wọn wí. Ẹ̀rù bà wọ́n ni, wọ́n sì pè é. Ṣebí ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe náà nìyẹn?”

“Ìbéèrè gidi nìyẹn, jẹ́ ká jọ wò ó. Ṣé o lọ sí ilé ìjọsìn lọ́jọ́ Àìkú?”

“…Mo lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá.”

“Lọ́sẹ̀ yìí ńkọ́?”

“Sísítà, ṣọ́ọ̀bù ni mo wà.”

“Ó dáa. Kí ló wúwo lọ́kàn rẹ jù?”

Ohun tó bá tẹ̀ lé ìbéèrè kẹta yìí ni ẹ ó gbàdúrà lé, ìṣẹ́jú márùn-ún, lórí fóònù, kí ẹ tó dá a dúró. Ẹ rí i pé ẹ̀gbọ́n náà kò bínú nígbà tí wọ́n dárúkọ ṣọ́ọ̀bù. Bó bá kígbe mọ́ ọn, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ fóònù á dún, kò sí ẹni tó máa gbé e.

Àwọn aṣáájú máa ń bi wá pé ṣé WhatsApp kò tó ni. Kò tó. Nínú ẹgbẹ́ tí èèyàn 200 wà, gbogbo èèyàn ló ń gbọ́, kò sí ẹni tí wọ́n ń retí ìdáhùn rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó ti di pátákó ìkéde: àwòrán “ẹ káàárọ̀ nínú Olúwa”, ìkìlọ̀ èké, ọjọ́ ìbí. Ẹni tó bá ti ń yọ̀ lọ á ṣì wà níbẹ̀, àmì búlúù méjì á máa hàn pé ó ń kà á, ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀ pé ó ti lọ. Ẹ lò ó fún ìkéde. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìdàpọ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ fọ́ ọ sí ẹgbẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin tàbí márùn-ún-márùn-ún, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti àwọn tó wà nítòsí ara wọn dé ibi tí wọ́n fi lè wọ bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo débẹ̀, kí wọ́n lè fojú kan ara wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ má rò pé èèyàn mẹ́rin kéré. Ní 1973, nígbà tí William Kumuyi, olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì tó wá di ìjọ Deeper Life, èèyàn 15 péré ló jókòó tì í nínú ilé tó ń gbé.

Síbẹ̀, fóònù àti ẹgbẹ́ kékeré jẹ́ ọparun lásán. Ìjọ tó wà ládùúgbò yín ni ilé. A ò ní fi èyí bò yín lójú: ẹni tó bá lo oṣù mẹ́ta tó ń fetí sí ìsìn ìjọ iléèwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí kò sì sí ẹnikẹ́ni ládùúgbò tó mọ orúkọ rẹ̀, kò sí nínú ìdàpọ̀. Hébérù 10, ẹsẹ 24 àti 25, kò dúró sórí ìpéjọpọ̀ nìkan. Ó ní ká máa ro ti ara wa, ká máa ru ara wa sókè sí ìfẹ́ àti iṣẹ́ rere. Kò sí bí èèyàn ṣe lè ro tirẹ̀ bí kò bá rí ẹ.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí fún ọ̀pọ̀ nínú yín. Nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni bíi NIFES, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1968, ọmọ Áńgílíkà, ọmọ Onítẹ̀bọmi, ọmọ Àpọ́sítélì àti ọmọ Kérúbù ló jọ ń jókòó. Ìgbà ìsinmi ni kálukú padà sí ti bàbá rẹ̀. Ọmọ tó ti mọ orin onílù àti àdúrà gbígbóná bá ara rẹ̀ níwájú ìwé ìsìn àti àga onígi, tàbí kí wọ́n ní kó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kó wọ sùtánà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n bíi pé wọn ò tíì gbọ́ ìhìn rere. Ẹ jọ̀wọ́. Àwọn tó wà nínú ìjọ yẹn ló gbàdúrà tí JAMB yín fi yọrí. Ẹ má lọ tún ẹ̀kọ́ àlùfáà ṣe ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má bèèrè fún pẹpẹ ìwàásù. Lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ tí ẹ bá délé, ẹ dúró lẹ́yìn ìsìn, ẹ kí àlùfáà, ẹ sọ fún wọn pé, “Bàbá, mo ti dé fún ìsinmi, ọ̀sẹ̀ báyìí ni màá lò. Iṣẹ́ wo ni mo lè bá yín ṣe?” Kí ẹ sọ iye ọ̀sẹ̀ náà, nítorí ẹni tó mọ ìgbà tí ẹ ń lọ ló lè fún yín níṣẹ́ tó ní òpin.

Iṣẹ́ tó dáa jù, lójú tiwa, ni kíláàsì àwọn ọmọdé. Oṣù kẹjọ ni ọ̀pọ̀ ìjọ máa ń ṣe ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì ìgbà ìsinmi fún wọn, àwọn olùkọ́ kì í sì í tó. Ẹni tó bá máa kọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ ní ìtàn Jósẹ́fù láàárọ̀ ọ̀la kò ní lè sùn láìkà á, àwọn ọmọ yẹn á sì bi í ní ìbéèrè tí ìpàdé iléèwé kò bi í rí. Bí kò bá sí ìyẹn, ẹ to àga, ẹ bá wọn tẹ ìwé ìkéde sórí kọ̀ǹpútà, ẹ gbé ẹ̀rọ amóhùnbúgbàmù. Oṣù kẹjọ yìí kan náà ni àpéjọ ọdọọdún ìjọ Redeemed máa ń wáyé ní ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí àwọn ìjọ mìíràn náà sì ń ṣe àgọ́ ọ̀dọ́. Ẹ lọ bí owó mọ́tò bá wà, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀sẹ̀ kan nínú àgọ́ rọ́pò àwọn ọ̀sẹ̀ tó kù.

Inú ilé ńkọ́? Pọ́ọ̀lù sọ nínú Tímótì kìíní, orí karùn-ún ẹsẹ kẹrin, pé kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ kọ́ láti fi ìwà-bí-Ọlọ́run hàn nínú ilé ara wọn. Ọmọ tó ń fi òru gbàdúrà tó ń jí aládùúgbò, tí ìyá rẹ̀ sì ń dá pọn omi láàárọ̀ nítorí pé ẹni tó gbàdúrà ṣì ń sùn, ìyá yẹn kò ní gba ìsìn ọmọ náà gbọ́, ó sì jàre. Bí àwọn òbí yín bá ń ṣe àdúrà ìdílé láago márùn-ún àbọ̀, ẹ má sọ pé ó ti gùn jù tàbí pé orin àtijọ́ ni wọ́n ń kọ. Ẹ jí. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ máa ka Bíbélì. Ohùn yín tó ń kàwé níwájú bàbá yín láàárọ̀ ju ọgbọ̀n àlàyé lọ.

Fún ẹni tí ilé rẹ̀ jẹ́ ti Mùsùlùmí, tó pọ̀ láàárín wa nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ gba sùúrù. Ẹ má fi fóònù gbé ìwàásù sókè nínú pálọ̀ láti fi ìgboyà hàn. Mátíù 6 ẹsẹ 6 ti fún yín láyè pé kí ẹ wọ ìyẹ̀wù yín, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn. Bí kò bá sí ìyẹ̀wù, ẹ̀yìnkùlé wà, ojú ọ̀nà ibi tí ẹ ti ń lọ ra búrẹ́dì wà. Ẹ ṣe iṣẹ́ ọjọ́ Àìkú tán lálẹ́ Sátidé: aṣọ tí ẹ máa fọ̀, ata tí ẹ máa lọ̀, gáàrì tí ẹ máa rà. Ẹ wá tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn òbí pẹ̀lú aago: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ jáde láago mẹ́jọ, màá ti dé kó tó di aago kan,” kí ẹ sì dé kó tó di aago kan. Ohun tó ń ba irú ètò yìí jẹ́ jù ni ìpàdé lẹ́yìn ìpàdé, tí wọ́n á fi dé láago mẹ́rin. Ní ti ẹran Iléyá, ẹ ti gbọ́ oríṣiríṣi ẹ̀kọ́. Róòmù 14 ẹsẹ 3 ní kí ẹni tó ń jẹ má gan ẹni tí kò jẹ, kí ẹni tí kò jẹ má sì dá ẹni tó ń jẹ lẹ́jọ́. Ẹ ṣe ohun tí ẹ̀rí ọkàn yín gbà, ṣùgbọ́n ẹ bá wọn dáná, ẹ bá wọn gbé oúnjẹ fún àlejò, ẹ má ba ọdún bàbá yín jẹ́.

Iṣẹ́ ìgbà ìsinmi: kí ẹ tó gbà á, ẹ bèèrè nípa ọjọ́ Àìkú. Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà àti ilé oúnjẹ ló ń pín iṣẹ́ ọjọ́ Àìkú fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nítorí pé kò tíì mọ̀ pé òun lè bèèrè. Bí wọn ò bá lè fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n fún ti ọ̀sán, ẹ sì lọ sí ìsìn òwúrọ̀. Ti àwọn tó ń lọ fún IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́, fún oṣù mẹ́fà le jù, torí ìlú tí wọn ò mọ ẹnikẹ́ni ni wọ́n máa ń rán ọ̀pọ̀ lọ. Kí àwọn wọ̀nyí wá ìjọ ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, kí wọ́n má sọ pé àwọn ń wá èyí tó bá àwọn lára mu fún oṣù méjì. Ní ti àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ tó wà ládùúgbò, tó ń ta bẹ́ẹ̀tì tàbí tó ń ṣe Yahoo, ẹ kí wọn, ẹ bá wọn ṣeré bọ́ọ̀lù lójúmọmọ, ṣùgbọ́n ẹ má jókòó ti kọ̀ǹpútà wọn lóru, ẹ má sì yá owó lọ́wọ́ wọn. Owó yẹn ni okùn.

Ẹ má sì gbàgbé pé ìsinmi orílẹ̀-èdè yìí kì í ka kàlẹ́ńdà. Ní 2020, ìyanṣẹ́lódì ASUU bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, ó sì di oṣù kejìlá kó tó dáwọ́ dúró. Ní 2022, ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, ó parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá: oṣù mẹ́jọ gbáko. Ètò tí wọ́n ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò lè gbé oṣù mẹ́jọ. Nítorí náà, ẹ ṣe gbogbo ètò yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Lópin ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹgbẹ́ kékeré á pàdé, wọ́n á wo ohun tó já, wọ́n á tún un dì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mìíràn. Bí wọ́n bá pè yín padà lójijì, kò sí ohun tó bàjẹ́.

Àwọn tó ń parí lọ́dún yìí tí wọ́n ń lọ sin ìjọba, ẹ ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní àgọ́. Àwọn àgùnbánirọ̀ onígbàgbọ́ tó wà nínú NCCF ń ṣe ìpàdé níbẹ̀, ẹ wá wọn lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá dé. Àwọn tó ń lọ ṣe másítàsì ní Bírítéènì, ọ̀tọ̀ ni tiyín. Láti oṣù kẹfà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè àkọ́kọ́ níbẹ̀ á ti lọ sílé wọn, ẹgbẹ́ Kristẹni inú ọgbà á sì dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin á ṣì máa kọ iṣẹ́ ìwádìí yín. Wọ́n kà á mọ́ sáà ẹ̀kọ́, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ tí físà gbà fún iṣẹ́ kò sì tíì tú. Ẹ wọ ìjọ àdúgbò kan láti oṣù kẹwàá tí ẹ bá débẹ̀. Ẹni tó dúró di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kó tó wá ìjọ á bá àga tó ṣófo.

Ó ku iṣẹ́ àwọn aṣáájú. Ẹ má dúró di ìpàdé ìkẹyìn kí ẹ tó kọ orúkọ. Ọjọ́ tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń parí ìdánwò kò dọ́gba; àwọn kan á ti dé Gáréèjì kí àwọn ẹlòmíì tó ṣe pépà kẹta. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìdánwò àkọ́kọ́ ni kí ẹ pín káàdì. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Jésù ní sáà yìí ni kí ẹ fi ṣáájú: kí ẹ̀gbọ́n kan má gbà ju mẹ́ta lọ nínú wọn, kó sì pe olúkúlùkù wọn láàárín ọjọ́ mẹ́ta tó bá délé. Ẹni tó bá gba mẹ́wàá kò ní pe ẹnikẹ́ni. Bí ẹni tuntun náà kò bá ní ìjọ kankan nílé, ẹ wá ọmọ ẹgbẹ́ kan tó wà ní ìlú yẹn tí yóò lọ mú un nílé ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́. Ẹ má sọ fún un pé kó “wá ìjọ tó ń wàásù òtítọ́.” Kò mọ èyí tí í ṣe òun.

Káàdì náà ni wọ́n ń pín bọ̀ láti ẹ̀yìn yẹn. Ìlà márùn-ún ló wà níbẹ̀: orúkọ, ìlú àti àdúgbò tí ẹ ń lọ, ìjọ tí ẹ máa wà ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, ẹni tí ẹ ó máa pè, ọjọ́ àti aago ìpè. Ìlà kẹrin ni ọ̀pọ̀ máa ń fi sílẹ̀ lófìfo, wọ́n á ní àwọn á rò ó wò. Ẹ yíjú sí ẹni tó jókòó tì yín báyìí, ẹ bi í bóyá ó ti ní ẹni tó máa pè. Bírò wà lọ́wọ́ àwọn agbàlejò fún ẹni tí kò ní.